Ipa-Ìyípo Aṣọ́wákàtí-Oòrùn: Ìtumọ̀ Rẹ̀ àti Orúkọ tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáárà

Ní kíláàsì kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kan lórí sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán ilẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ tí a ti fún wọn ṣáájú, a pe ipa tí irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ ń tọ̀ ní 'ipa-ìyípo atẹ̀lé-oòrùn'. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ irú sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ a máa wọ inú òkùnkùn òru? Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dáhùn pé rárá, nítorí pé ohun tí ó bá ń tẹ̀lé oòrùn kò lè kúrò nínú ìmọ́lẹ̀. Ìdáhùn yìí kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́ wọn, ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn. Àwa tí a sọ ohun náà lórúkọ ni a ṣì wọ́n lọ́nà.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju méjì lọ. Èkíní, a ó ṣàlàyé, ní èdè tí olùkọ́ lè lò ní kíláàsì, ohun tí ó mú kí sátẹ́láìtì kan máa kọjá lórí ibi kan ní wákàtí oòrùn kan náà láti ọdún dé ọdún. Èkejì, a ó dábàá ọ̀rọ̀-ìperí tí kò ní tako àlàyé náà. Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún-Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwà, ni a ti rí i pé ó ṣeé ṣe láti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù fún wa ni pé kí ọ̀rọ̀ tí a ń lò lè ru ẹrù ìmọ̀ tí a dì lé e lórí. Ọ̀rọ̀-ìperí kì í ṣe àmì lásán. Òun ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nípa ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ọ̀rọ̀ yìí sì ni a ó kọ́kọ́ wò.

2. Wákàtí oòrùn àti wákàtí aago

Kí aago tó dé ilẹ̀ wa, oòrùn ni àwọn baba wa fi ń mọ àkókò. Àfẹ̀mọ́júmọ́, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́ àti àṣálẹ́: ipò tí oòrùn wà lójú ọ̀run ni ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn àkókò wọ̀nyí ní orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wí pé òun dé oko ní ìyálẹ̀ta, ohun tí ó ń sọ ni bí oòrùn ti ga tó níbi tí òun wà, kì í ṣe ohun tí aago ìlú mìíràn ń wí.

Aago òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Aago kan ṣoṣo ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, ìlà òòró 15 ní apá ìlà-oòrùn ni a sì fi gbé e kalẹ̀, ìlà tí kò tilẹ̀ la ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Adó-Èkìtì wà ní nǹkan bí ìlà òòró 5.2. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì jẹ́ dígírì 9.8, bẹ́ẹ̀ ni ayé sì ń fi ìṣẹ́jú 4 yí dígírì kan. Bí a bá sọ 9.8 di ìlọ́po 4, a ó ní ìṣẹ́jú 39. Èyí ni pé nígbà tí aago bá lu 12 ní Òkè-Ìlá, oòrùn kò tí ì dé ọ̀sán gangan. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 39. Àkókò tí a bá kà láti ara oòrùn bí ó ti wà lórí ibi kan pàtó ni a ó máa pè ní 'wákàtí oòrùn àdúgbò'.

Ó yẹ kí a fi kún un pé oòrùn fúnra rẹ̀ kì í rìn déédéé bí aago. Ní ìgbà mìíràn nínú ọdún a yá ju aago lọ, ní ìgbà mìíràn a sì lọ́ra, ìyàtọ̀ náà a sì máa tó ìṣẹ́jú 16 nígbà tí ó bá pọ̀ jù. Nítorí náà, ìpíndọ́gba ọdún ni àwọn onímọ̀ ń lò nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ wákàtí oòrùn àdúgbò, àwa náà yóò sì lò ó bẹ́ẹ̀. Bí a bá wí pé sátẹ́láìtì kan ń kọjá ní agogo 10:30 wákàtí oòrùn, ẹni tí ó dúró ní Òkè-Ìlá yóò rí i pé agogo 11:09 ni aago ọwọ́ òun ń fi hàn. Ìyálẹ̀ta ni síbẹ̀, nítorí pé oòrùn ni ó ni ìyálẹ̀ta.

3. Ohun tí wákàtí ń ṣe sí àwòrán

Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì sí irú sátẹ́láìtì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsán-án, ọdún 2003, a fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sójú ọ̀run láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní Guildford, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́ ọ fún àjọ ìwádìí òfurufú ti Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NASRDA, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1999. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí kílógíráàmù 100. Gíga ipa-ìyípo rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 686. Ohun tí ó kéré jù tí àwòrán rẹ̀ lè yà sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 32. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X lọ pọ̀ láti Yasny ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan náà. Àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Nàìjíríà ni wọ́n kọ́ NigeriaSat-X ní Guildford. Ti NigeriaSat-2, àwòrán dúdú-òun-funfun rẹ̀ lè ya ohun tí kò ju mítà 2.5 lọ sọ́tọ̀. Irú ipa-ìyípo kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀, òun náà sì ni àwọn sátẹ́láìtì Landsat ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń tọ̀ láti 1972.

Kí ni ó mú kí gbogbo wọn yan ipa yìí? Òjìji ni ìdáhùn. Ẹ jẹ́ kí a mú àpáta kan tí ó ga ní mítà 100. Ẹni tí ó bá ti rí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì mọ̀ pé àpáta ńlá kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Èkìtì. Bí àpáta náà bá wà ní Adó, tí a sì ṣe ìṣirò gíga oòrùn, èyí ni bí òjìji rẹ̀ yóò ti gùn tó lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú:

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, agogo 10:30 wákàtí oòrùn: mítà 41.
Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, agogo 8:30 wákàtí oòrùn: mítà 128.
Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, agogo 10:30 wákàtí oòrùn: mítà 78.
Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, agogo 8:30 wákàtí oòrùn: mítà 173.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú iye wọ̀nyí. Èkíní ni pé wákàtí méjì péré ti tó láti sọ òjìji kan di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni àpáta kò ga sí i, ilẹ̀ kò sì yí padà. Ẹni tí ó bá ń fi àwòrán ọdún méjì wéra láti mọ̀ bóyá igbó ti dínkù lè ka òjìji sí igbó, ó sì lè ka igbó tí oòrùn ràn sí lára sí pápá. Èkejì ni pé bí wákàtí tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, oṣù Kẹrin kì í ṣe oṣù Kejìlá. Ipa-ìyípo yìí lè ṣọ́ wákàtí. Kò lè ṣọ́ ìgbà. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń fi oṣù Kejìlá wé oṣù Kejìlá, tí wọn kì í fi ẹ̀ẹ̀rùn wé òjò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè lé ìkùukùu lọ: bí òjò bá ṣú bo Èkìtì ní ìyálẹ̀ta, ìkùukùu ni kámẹ́rà yóò yà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré fún wa. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, ọdún 1996, tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí Adó sì di olú-ìlú rẹ̀, ìlú náà ti ń gbilẹ̀ wọ inú ohun tí ó jẹ́ oko àti igbó tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti gbilẹ̀ tó lè mú àwòrán Landsat ti ọdún púpọ̀, èyí tí Adó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀nà 190, ẹsẹ̀ 55, kí ó tò wọ́n léra. Àwòrán wọ̀nyí ṣeé tò léra nítorí pé ìyálẹ̀ta ni a ya gbogbo wọn. Bí a bá ya ọ̀kan ní òwúrọ̀, tí a ya èkejì ní ọ̀sán, tí a ya ẹ̀kẹta ní ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ àtòléra náà ìbá bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

4. Bí ipa-ìyípo kò bá yíra

Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ lè wí pé kí ni ó ṣòro nínú èyí: a fi sátẹ́láìtì sí ipa kan, ó sì ń tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ayé fúnra rẹ̀ kò dúró. Ó ń yí oòrùn ká lọ́dọọdún, ibẹ̀ ni ìṣòro sì ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé iná kan wà ní àárín àgbàlá. Iná náà ni oòrùn. Ọmọ kan di àwo pẹlẹbẹ kan mú ní òòró, ó sì ń yí iná náà ká. Ọmọ náà ni ayé, àwo náà sì ni ìtẹ́jú tí ipa-ìyípo sátẹ́láìtì wà lórí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá pinnu pé ojú àwo òun yóò máa kọ sí ẹnu-ọ̀nà àgbàlá nígbà gbogbo, tí ojú náà sì kọ sí iná ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó rin ìdá kan nínú mẹ́rin ọ̀nà rẹ̀, etí àwo ni yóò kọ sí iná. Àwo kò yí padà, ṣùgbọ́n bí iná ti ń ràn sí i ti yí padà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìtẹ́jú ipa-ìyípo tí kò bá yíra yóò ṣe. Lójoojúmọ́ ni wákàtí oòrùn tí sátẹ́láìtì náà ń kọjá yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ṣáájú ti àná. Láàrin oṣù kan, yóò ti tó wákàtí 2. Èyí tí ó ń kọjá ní 10:30 òwúrọ̀ ní oṣù Kìíní yóò máa kọjá ní 4:30 ìdájí ní oṣù Kẹrin. Kámẹ́rà tí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn kò ní rí ohunkóhun yà.

Kí ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lè mú kí ojú àwo rẹ̀ máa kọ sí iná bákan náà, ó ní láti máa yí àwo náà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀, débi pé nígbà tí ó bá yí iná ká tán lẹ́ẹ̀kan, àwo náà yóò ti yíra lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a ń wá fún sátẹ́láìtì náà nìyẹn: kí ìtẹ́jú ipa-ìyípo rẹ̀ yíra ní dígírì 360 lọ́dún kan. Bí a bá pín 360 sí ọjọ́ 365.2422 tí ó wà nínú ọdún, a ó rí dígírì 0.9856 lójúmọ́. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ta ni yóò máa yí i?

5. Ikùn ayé àti òkòtó

Bí ó bá jẹ́ epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ni a ó máa fi yí ìtẹ́jú náà lójoojúmọ́, kò sí sátẹ́láìtì tí yóò lè gbé epo tí ó tó. A dúpẹ́ pé ayé fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ayé kò ṣe róbótó bí ọsàn tí kò ní àbùkù. Ó yọ ikùn díẹ̀ ní agbedeméjì. Láti àárín gbùngbùn ayé dé ojú ilẹ̀ ní agbedeméjì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 6378. Láti àárín kan náà dé ìpẹ̀kun àríwá jẹ́ nǹkan bí 6357. Kìlómítà 21 péré ni ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ikùn náà ní òòfà tirẹ̀. Bí sátẹ́láìtì ti ń gòkè lọ sí àríwá tí ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gúúsù, ikùn ayé ń fà á díẹ̀ sí ìhà agbedeméjì.

Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìfàmọ́ra yìí yóò tẹ ìtẹ́jú náà wálẹ̀ títí yóò fi sùn lé agbedeméjì. Kò rí bẹ́ẹ̀, òkòtó ni ó sì lè kọ́ wa ní ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti ta òkòtó rí mọ̀ pé bí òkòtó bá dúró láìyí, wíwúwo rẹ̀ yóò gbé e ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yí, tí ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní ṣubú. Orí rẹ̀ ni yóò máa rìn yípo díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ń fẹ́ gbé e ṣubú ni ó di ohun tí ń mú un yíra. Sátẹ́láìtì tí ń yí ayé ká dà bí òkòtó tí ń yí: òòfà ikùn ayé tí ìbá tẹ ìtẹ́jú rẹ̀ wálẹ̀ ni ó ń mú kí ìtẹ́jú náà yíra. Ìyíra yìí ni a ó máa pè ní 'ìyíra-ìtẹ́jú'.

Ìhà tí ìtẹ́jú ń yíra sí sinmi lórí ìhà tí sátẹ́láìtì ń rìn sí. Bí sátẹ́láìtì bá ń bá ayé rìn lọ sí ìlà-oòrùn, ìtẹ́jú rẹ̀ yóò máa yíra sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ó bá gba orí ìpẹ̀kun méjèèjì kọjá gan-an, ìtẹ́jú rẹ̀ kò ní yíra rárá. Bí ó bá ń rìn ní òdì sí ìyípo ayé, ìtẹ́jú rẹ̀ yóò yíra sí ìlà-oòrùn, ìhà ìlà-oòrùn yìí gan-an ni a sì ń fẹ́. Nítorí náà ni igun-ìtẹ̀sí irú ipa-ìyípo yìí fi máa ń ju dígírì 90 lọ díẹ̀.

6. Ìṣirò tí olùkọ́ lè ṣe lójú pátákó

Ẹ jẹ́ kí a lo gíga kìlómítà 686 ti NigeriaSat-1. Láti àárín ayé, ìyẹn jẹ́ 6378 + 686, tí í ṣe kìlómítà 7064. Ní ibi tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, sátẹ́láìtì ń sáré kìlómítà 7.5 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 98.5 yí ayé ká. Èyí ni pé ó ń yí i ká ní ìgbà 14.62 lójúmọ́. Iye tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣe àmì ìyọkùn ayé ni 0.00108263. Nígbà náà:

1.5 × 0.00108263 × (6378 ÷ 7064)² × (14.62 × 360) = dígírì 6.97 lójúmọ́.

Èyí ni ìyíra tí ikùn ayé lè fún un bí igun-ìtẹ̀sí kò bá sí rárá. Bí igun náà ti ń pọ̀ sí i ni ìyíra ń dínkù, kósáìnì igun náà ni ó sì ń sọ iye tí ó kù. 0.9856 ni a ń wá. Bí a bá pín in sí 6.97, a ó rí 0.1414. Igun tí kósáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.1414 pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú, èyí tí ń fi hàn pé ìrìn náà lòdì sí ìyípo ayé, ni dígírì 98.1. Igun-ìtẹ̀sí tí a fi NigeriaSat-1 sí kò jìnnà sí èyí.

Olùkọ́ lè tún fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé gíga àti igun ń bá ara wọn rìn: ní gíga kìlómítà 500, igun tí a nílò jẹ́ 97.4; ní 700, ó jẹ́ 98.2, ní 800, ó jẹ́ 98.6, ní 900, ó jẹ́ 99.0. Bí a bá yí ọ̀kan padà láìyí èkejì, wákàtí yóò sá lọ.

Ohun kan kù tí ó dùn mọ́ni. Láàrin ìṣẹ́jú 98.5 tí sátẹ́láìtì fi yí ayé ká, ayé ti yí ní dígírì 24.6. Nítorí náà, sátẹ́láìtì tí ó kọjá lórí Adó ní 10:30 wákàtí oòrùn kò ní padà bá Adó nínú ìyípo tí ó tẹ̀lé e. Orí Òkun Àtìláńtíìkì, ní nǹkan bí ìlà òòró 19.4 ní ìwọ̀-oòrùn, ni yóò ti gba ìlà ìbú kan náà kọjá. Kí ni wákàtí oòrùn níbẹ̀? Ìṣẹ́jú 4 fún dígírì kọ̀ọ̀kan nínú 24.6 jẹ́ ìṣẹ́jú 98.4: ibẹ̀ wà lẹ́yìn Adó ní ìwọ̀n àkókò tí sátẹ́láìtì fi yípo gan-an. Agogo 10:30 ni níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi gbogbo tí ó wà lórí ìlà ìbú kan náà ni ó ń bá ní ìyálẹ̀ta.

7. Ohun tí orúkọ náà kò gbọdọ̀ sọ

Nísinsìnyí a lè padà sí ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Sátẹ́láìtì tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti àríwá sí gúúsù ní 10:30 òwúrọ̀ ní ìhà kan ayé ń gòkè láti gúúsù sí àríwá ní 10:30 alẹ́ ní ìhà kejì. Nínú ìṣẹ́jú 98.5 kọ̀ọ̀kan ni ó ń rí ọ̀sán tí ó sì ń rí òru. Kò tẹ̀lé oòrùn rárá. Ìtẹ́jú ipa rẹ̀ ni ó ń pa igun kan mọ́ sí oòrùn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà.

Orúkọ náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí a ṣi ipa yìí mú fún àwọn mìíràn. NigComSat-1R, tí a fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ọdún 2011, wà ní gíga kìlómítà 35,786 lórí agbedeméjì ayé, ní ìlà òòró 42.5 ní ìlà-oòrùn. Ó ń bá ayé yí ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà lójú ẹni tí ó wà nílẹ̀ ńṣe ni ó dúró lójú kan. Adúrólójúkan ni ìyẹn. Ibi kan ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe wákàtí.

Èyí tí ó sún mọ́ ilé jù ni NigeriaEduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré ti Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí a tú sílẹ̀ láti ara ibùdó òfurufú ti àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé ní oṣù Keje, ọdún 2017. Nígbà tí ó wà lójú ọ̀run, gíga rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 400, igun-ìtẹ̀sí rẹ̀ sì jẹ́ 51.6. Bí a bá ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí fún un, a ó rí i pé ìtẹ́jú rẹ̀ ń yíra ní dígírì 5 lójúmọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, nígbà tí oòrùn ń sún ní nǹkan bí dígírì 1 sí ìlà-oòrùn láàrin àwọn ìràwọ̀. Dígírì 6 ni ó fi ń jìnnà sí oòrùn lójúmọ́, tí í ṣe ìṣẹ́jú 24. Bí ó bá kọjá ní ọ̀sán gangan lónìí, 11:36 ni yóò kọjá lọ́la; láàrin nǹkan bí 60 ọjọ́, yóò ti fi gbogbo wákàtí tí ó wà nínú ọ̀sán àti òru kọjá. Kò sí àbùkù nínú èyí, nítorí ibi tí a gbé tú u sílẹ̀ ni ó yan ipa fún un. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ti Àkúrẹ́ yìí wé NigeriaSat-1 yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ohun tí ó ya ipa kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

8. Orúkọ tí a dábàá

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún wa. A lè yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí a sì kọ ọ́ ní ìró Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn, kò sì ní sọ ohunkóhun fún ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ. A lè túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, èyí tí yóò fún wa ní 'abóòrùnrìn' tàbí 'atẹ̀lé-oòrùn'. A sì ti rí ohun tí ìyẹn ṣe ní kíláàsì. Ọ̀nà kẹta ni pé kí a fi iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀nà kẹta yìí ni a yàn. A dábàá 'ipa-ìyípo aṣọ́wákàtí-oòrùn'. Bí a ti ṣẹ̀dá aṣọ́gbà àti aṣọ́bodè ni a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Aṣọ́bodè kì í tẹ̀lé bodè kiri. Ṣe ni ó ń rí i pé ohun tí a fi sí ìtọ́jú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ohun tí a fi sí ìtọ́jú ipa-ìyípo yìí ni wákàtí oòrùn.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ náà lè mú kí ọmọ rò pé sátẹ́láìtì náà ń wo aago ni. A gbà pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn kéré sí ti àkọ́kọ́, ó sì rọrùn láti tún ṣe, nítorí pé ó ń ti ọmọ láti béèrè pé: báwo ni ó ṣe ń ṣọ́ ọ? Ìbéèrè yẹn ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ikùn ayé àti òkòtó. 'Atẹ̀lé-oòrùn' kì í mú ọmọ béèrè ohunkóhun. Ó ń jẹ́ kí ó rò pé ó ti yé òun.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní àǹfààní mìíràn. Ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan lè sùn. Òòfà oòrùn àti òṣùpá ń yí igun-ìtẹ̀sí padà díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lókè sì ń fa sátẹ́láìtì sílẹ̀. Nítorí náà a ní láti máa fi epo díẹ̀ tún un ṣe láti ìgbà dé ìgbà. Landsat 7, tí a fi ránṣẹ́ ní 1999, ṣe àtúnṣe igun-ìtẹ̀sí rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ní 2017. Láti ìgbà náà ni wákàtí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sún ṣáájú agogo 10 tí ó ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo àwòrán rẹ̀ ti àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ wo wákàtí tí a kọ sí ara àwòrán kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi wé ti àtijọ́.

Láti ya àwọn ẹ̀yà rẹ̀ sọ́tọ̀, a kò nílò láti wá ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Àwọn baba wa ti fi wọ́n sílẹ̀ fún wa. Èyí tí Landsat àti àwọn NigeriaSat tọ̀ ni 'ipa-ìyípo ìyálẹ̀ta'. Èyí tí ó bá ń kọjá lẹ́yìn ọ̀sán gangan ni 'ipa-ìyípo ọ̀sán'. Èyí tí ó ń rìn lórí ààlà òru òun ọ̀sán, bí RADARSAT-1 ti ilẹ̀ Kánádà ní 1995 àti Sentinel-1A ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 2014, ni 'ipa-ìyípo àfẹ̀mọ́júmọ́-òun-àṣálẹ́'. Irú èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú òkùnkùn. Ó wà nínú ìmọ́lẹ̀ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Nípa báyìí, ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sún mọ́ òtítọ́ fún ẹ̀yà kan ṣoṣo yìí, ó sì yẹ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

9. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ohun tí ń pa wákàtí oòrùn mọ́ fún sátẹ́láìtì kì í ṣe pé ó ń lé oòrùn kiri, bí kò ṣe pé ayé tí ó yọ ikùn ń yí ìtẹ́jú ipa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. A sì ti dábàá orúkọ tí ó bá èyí mu. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò nìyí, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ògbufọ̀ lè yẹ̀ wọ́n wò:

ipa-ìyípo: ọ̀nà tí ohun kan ń tọ̀ bí ó ti ń yí òmíràn ká lójú ọ̀run.
ìtẹ́jú ipa-ìyípo: ojú pẹlẹbẹ tí ipa-ìyípo wà lórí rẹ̀.
igun-ìtẹ̀sí: igun tí ìtẹ́jú ipa-ìyípo fi tẹ̀ sí agbedeméjì ayé.
ìyíra-ìtẹ́jú: yíyí tí ìtẹ́jú ipa-ìyípo ń yíra díẹ̀díẹ̀ nítorí òòfà ikùn ayé.
wákàtí oòrùn àdúgbò: àkókò tí a kà láti ara oòrùn bí ó ti wà lórí ibi kan pàtó.
ipa-ìyípo aṣọ́wákàtí-oòrùn: èyí tí ìtẹ́jú rẹ̀ ń yíra ní dígírì 360 lọ́dún sí ìlà-oòrùn, tí ó fi ń bá ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan ní wákàtí oòrùn kan náà.
ipa-ìyípo adúrólójúkan: èyí tí sátẹ́láìtì rẹ̀ ń bá ayé yí lórí agbedeméjì, tí a fi ń rí i lójú kan.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Ìlá, a ti pa 'atẹ̀lé-oòrùn' rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, a sì ti fún wọn ní máàkì tí a yọ lọ́wọ́ wọn.